Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ara Yín Lọ́wọ́ Ẹni Tó Fa Ọ̀bẹ Yọ

Ohun tí wọ́n máa ń fi hàn ní ọ̀pọ̀ ilé ìkọ́jà nìyí: ẹnì kan á na ọ̀bẹ síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á wá fi apá rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkejì á dì í mú, á lọ́ ọ, á gba ọ̀bẹ, àwọn tó ń wòran á pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń gún èèyàn báyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gún èèyàn ní tòótọ́ máa ń sún mọ́ onítọ̀hún dáadáa kó tó fa ọ̀bẹ yọ. Á fi ọwọ́ kan gbá a lọ́rùn aṣọ mú, á sì máa fi ọwọ́ kejì gún un léraléra láti ìsàlẹ̀, síbi ikùn àti ìhà. Bí ọ̀bẹ ṣe ń wọlé ló ń jáde, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n gún ló rò pé ẹ̀ṣẹ́ lásán ni wọ́n gbá àwọn, àfìgbà tí wọ́n fọwọ́ kan ara tí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀.

Torí náà, apá tó mú ọ̀bẹ ni ẹ máa bá jà, ẹ má bá ọ̀bẹ jà. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú apá yẹn, ẹ má fi í sílẹ̀. Gbígba ọ̀bẹ lè dúró. Ẹni tó bá kọ́ ọgbọ́n ogún fún gbígba ọ̀bẹ, tí kò lè di apá kan mú fún ìṣẹ́jú àáyá 5 nígbà tí ẹni tó ni apá náà ń jà fitafita, kò tíì kọ́ nǹkan kan.

Àyè tó wà láàárín yín

Ní 1983, ọlọ́pàá kan ní ìlú Salt Lake City ní Amẹ́ríkà, Dennis Tueller, kọ̀wé pé ẹni tó mú ọ̀bẹ lè sáré gba ẹsẹ̀ bàtà 21, ìyẹn bíi mítà 6.4, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.5. Bí àkókò tí ọlọ́pàá tó mọṣẹ́ nílò láti fa ìbọn yọ kó sì yìn ín ṣe rí náà nìyẹn. Ẹ wá ro ti ẹni tí kò mú nǹkan kan dání.

Tí ọ̀bẹ bá ti hàn sí yín láti òkèèrè, ẹ yíjú, ẹ sá, ẹ sì pariwo. Ẹ má máa fi ẹ̀yìn rìn lọ. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn kò lè yára tó ẹni tó ń sáré bọ̀, kò sì rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, ìṣubú sì burú púpọ̀ lójú ọ̀bẹ. Ìṣísẹ̀ kan tàbí méjì sẹ́yìn ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí i kí ẹ sá lọ. Ibi tí iná wà tí èrò sì wà ni kí ẹ kọrí sí.

Tí ọ̀nà àtisá bá dí, ẹ fi nǹkan sáàárín: tábìlì, ọkọ̀ tó dúró, ilẹ̀kùn. Ẹ lè máa yí ọkọ̀ po títí ẹlòmíì á fi dé. Àga dára gan-an: ẹ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sí ẹni náà, kí ẹ máa fi ti àyà àti ojú rẹ̀. Ẹ má gbé e sókè láti fi là á mọ́lẹ̀, torí nígbà tí àga bá wà lókè, ikùn yín wà lófo. Báàgì tó nípọn náà wúlò, tí ẹ bá gbé e síwájú àyà, kì í ṣe tí ẹ bá gbé e kọ́ èjìká. Ohun èlò ìpaná tó wà lára ògiri máa ń tú nǹkan funfun sójú èèyàn, wọn kì í sì í rántí rẹ̀.

Tó bá jẹ́ owó tàbí fóònù ló ń béèrè, ẹ fún un. Ẹ má nà án sí i lọ́wọ́, torí ọwọ́ tí ẹ nà yẹn ló máa gbá mú. Ẹ jù ú sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bíi mítà 2 sí ibi tó dúró sí, kí ẹ sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ láti mú un ni àyè yín. Àṣẹ kan ṣoṣo ni kò yẹ kí ẹ gbà: pé kí ẹ wọ ọkọ̀ tàbí kí ẹ tẹ̀ lé òun lọ síbì kan. Òun ló mọ ibẹ̀, òun ló yàn án, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí yín níbẹ̀. Ojú ibi tí ẹ wà ni kí ẹ ti jà, bó tilẹ̀ léwu.

Àmì máa ń wà kí ọ̀bẹ tó jáde. Ọwọ́ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ojú. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan ń jù bó ṣe ń rìn tí ìkejì sì lẹ̀ mọ́ itan, fún ẹni tó ń fọwọ́ kan ìbàdí léraléra, fún ẹni tó ń wo ọ̀tún wo òsì nígbà tó ń bi yín léèrè ọ̀nà, tó sì ń sún mọ́ yín bó ṣe ń béèrè. Tí ẹ kò bá rí àtẹ́lẹwọ́ ẹnì kan, ẹ gbà pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún un sókè pé: “Dúró síbẹ̀!” Ẹni tó kàn fẹ́ bi yín léèrè ọ̀nà á dúró.

Bí ẹ ṣe máa dúró

Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè dé ọ̀gangan àyà, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú síta bíi ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ń dáàbò bò yín, kò sì jọ ìjà lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìgúnpá lẹ̀ mọ́ ìhà, kí àgbọ̀n lọ sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹsẹ̀ kan wà níwájú. Ẹ má fi ẹsẹ̀ gbá a níwájú o, àyàfi tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa; ẹsẹ̀ tó gòkè nìyẹn, itan tí ọ̀bẹ lè wọ̀ sì nìyẹn.

Ní kété tí ọ̀bẹ bá mì, ẹ yí ọwọ́ padà kí ẹ̀yìn apá lè kọjú sí ọ̀bẹ, kí inú apá sì kọjú sí ara yín. Inú apá, láti ọrùn ọwọ́ títí dé oríkèé ìgúnpá, ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá àti àwọn iṣan tó ń ká ìka kò jìn sí awọ ara. Tí ọ̀bẹ bá gé wọn, ọwọ́ kò ní lè di nǹkan mú mọ́, bí ọkàn yín tilẹ̀ ṣì le. Ẹ̀yìn apá lè gba ọgbẹ́ púpọ̀ kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Àwọn ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kàn rárá ni ẹ̀gbẹ́ ọrùn, abẹ́ abíyá àti inú itan. Ẹ gbà pé ọ̀bẹ máa gé yín. Ẹni tó bá rò pé òun máa jáde láìsí ọgbẹ́ máa ń gan síbì kan nígbà tó bá kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀.

Nígbà tó bá ti ń gún

A ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọwọ́ ọ̀tún ló fi mú ọ̀bẹ, tó ń gún láti ìsàlẹ̀ síkùn. Tó bá jẹ́ ọwọ́ òsì, ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà.

1. Ẹ fi apá òsì dènà apá rẹ̀. Ìka yín á kọjú sílẹ̀, ìgúnpá á ká tó ìwọ̀n igun 90, egungun ẹ̀gbẹ́ apá yín á sì bá tirẹ̀ pàdé nítòsí ọrùn ọwọ́. Tí apá bá nà tán, kò ní lágbára; tó bá ká jù, ọ̀bẹ á ti dé ara kí apá tó kan apá. Lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fa ìbàdí sẹ́yìn kí ikùn lè sá fún ọ̀bẹ, kí orí àti èjìká sì wá síwájú.

2. Kí ọwọ́ ọ̀tún yín ti kan ojú rẹ̀ nígbà tí apá òsì ń kan apá rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ sí àgbọ̀n, ìka sójú, èyíkéyìí tó bá bọ́ sí i. Ẹ kò retí kó ṣubú. Ẹ kàn fẹ́ kí ọpọlọ rẹ̀ kúrò lórí gígún fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá dènà nìkan láìlù ú, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ló máa dènà. Ìkẹta á wọlé, torí ọwọ́ ẹni tó ń gún máa ń yá ju ọwọ́ ẹni tó ń dènà lọ.

3. Ẹ má jẹ́ kí apá yẹn padà sẹ́yìn. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Ara máa ń fẹ́ sá lẹ́yìn tó bá dènà tán, ìdajì ìṣísẹ̀ tí ẹ sá yẹn náà sì ni àyè tí ọ̀bẹ nílò láti tún bọ̀. Ẹ tẹ̀ lé apá náà wọlé. Ọwọ́ òsì á bọ́ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ti ọ̀tún á bá a níbẹ̀, ẹ fún un pa bí ẹni di ọmọ odó mú, kí àtàǹpàkò yí i ká. Ẹ di ibi tó sún mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gan-an. Tó bá jẹ́ àárín apá ni ẹ dì mú, ó ṣì lè yí ọwọ́ padà kó fi ẹnu ọ̀bẹ gé yín lọ́wọ́. Ẹ tì í sílẹ̀ àti síta, kúrò ní iwájú ara yín.

4. Ẹ gbé apá rẹ̀ mọ́ àyà. Ọwọ́ òsì kò ní kúrò ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún yín á gba abẹ́ abíyá rẹ̀ wọlé láti inú, á sì di òkè apá rẹ̀ mú nítòsí èjìká. Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì sí ẹ̀yìn apá rẹ̀ kí ẹ lè bọ́ sí ìta apá náà. Ẹ fa gbogbo rẹ̀ mọ́ àyà yín, kí orí yín sì lẹ̀ mọ́ èjìká rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ja ìjàkadì ni ìdìmú yìí ti wá, ó sì dára ju ìlọ́wọ́ lọ nítorí pé ara yín lódindi ló ń bá apá kan ṣoṣo jà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò rí ojú yín lù dáadáa mọ́, ọ̀bẹ sì ti jìnnà sí ikùn yín.

5. Ẹ tì í lọ. Ògiri, ọkọ̀, tábìlì, ohun tó bá wà nítòsí. Ẹni tí wọ́n tì mọ́ ògiri kò rí ibi yí sí. Ẹ máa fi orúnkún gún un nítan àti lábẹ́, kí ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, kí ẹ sì fi iwájú orí kàn án nímú. Ọwọ́ yín méjèèjì ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má yọ ọ̀kankan láti fi lù ú.

Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ níbí ni ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ gbàgbé. Ẹ̀ ń ti èjìká, ẹ̀ ń fi orúnkún gún un, ọwọ́ òsì yín á ti tú díẹ̀, ṣóńṣó ọ̀bẹ á wá yí wọ itan yín. Òógùn àti ẹ̀jẹ̀ náà máa ń mú kí apá yọ̀. Tí ẹ bá rí i pé ó fẹ́ yọ, ẹ má gbìyànjú láti fi ìka nìkan fún un sí i. Ẹ fi ìkákò ìgúnpá gbá apá rẹ̀ mọ́ àyà, ìyẹn kì í yọ̀. Aṣọ tó gùn ní ọwọ́ ń ṣèrànwọ́: ẹ lè di ọwọ́ aṣọ àti apá mú pọ̀.

Tí apá bá sì yọ pátápátá, ẹ má dúró síwájú rẹ̀ láti tún un dì mú. Ẹ tì í ní àyà tàbí lójú pẹ̀lú gbogbo agbára yín, kí ẹ sì sá.

Bí ọ̀bẹ ṣe ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀

Ẹ má fi ìka gbá ẹnu ọ̀bẹ mú. Èkejì, ẹ má kánjú. Lẹ́yìn tí apá bá ti wà lọ́wọ́ yín tí ẹ sì ti fi orúnkún gún un bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni kí ẹ tó rò ó.

Ìka kì í lágbára nígbà tí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ sínú. Ẹ dán an wò lára yín: ẹ di ọwọ́ kan pọ̀ le, kí ẹ wá fi ọwọ́ kejì tẹ ọrùn ọwọ́ náà sínú títí, ẹ máa rí i pé ìka ń tú fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri, mọ́ ilẹ̀ tàbí mọ́ itan òun fúnra rẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lè sún mọ́ inú apá rẹ̀. Tí ìka bá ti tú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti ìhà ọ̀bẹ tó tẹ́jú, kì í ṣe ẹnu rẹ̀, gba ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò jáde, torí ìka kan ṣoṣo ló ń dí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Tí kò bá gbà, ẹ gbá ìka rẹ̀ mọ́ etí ògiri tàbí ilẹ̀ léraléra. Ìyẹn kò wuyì, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ ju èyí tó wuyì lọ.

Tí ọ̀bẹ bá ṣubú, ẹ fi ẹsẹ̀ ta á lọ, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Àwọn kan máa ń gbé ọ̀bẹ kejì, ẹlòmíì sì lè ní ẹnìkejì nítòsí.

Tó bá gba ọ̀nà mìíràn wá

Tó bá di ọ̀bẹ mú kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sílẹ̀, tó ń gún láti òkè sí ọrùn àti èjìká, apá tí ẹ fi dènà á kọjú sókè, ìka sókè, ìgúnpá níwájú ojú. Ẹ wọlé kíákíá, torí ìbẹ̀rẹ̀ ìgúnmọ́lẹ̀ kì í tíì lágbára tó ìparí rẹ̀. Ìdìmú kan náà ló kàn.

Tó bá ń fi ọ̀bẹ gé lọ gé bọ̀ láìsún mọ́ yín, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń gé síwájú sẹ́yìn báyẹn sábà ń fẹ́ dẹ́rù bani, àyè ṣì wà láti sá. Tí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ọ̀bẹ kọjá iwájú yín, kí ẹ wá fò wọlé nígbà tí apá rẹ̀ bá rékọjá ara rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ òkè apá náà mọ́ àyà rẹ̀.

Ọ̀bẹ lọ́rùn láti iwájú, tí ẹni náà ń sọ̀rọ̀: ó fẹ́ nǹkan nìyẹn, torí ká ní pípa ló fẹ́ pa yín ni, ì bá ti gún yín. Ẹ gbé ọwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ẹ dáhùn jẹ́ẹ́, ẹ fún un lóhun tó ń béèrè. Tó bá di dandan láti jà, ọwọ́ ló máa kọ́kọ́ rìn, orí kò gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ẹ fà á wálẹ̀ sí àyà kí ẹnu ọ̀bẹ lè kúrò lára awọ, kí ẹ tó yí ara. Tó bá jẹ́ láti ẹ̀yìn, ẹ fa apá náà wálẹ̀ mọ́ egungun àyà yín, ẹ gbé èjìká sókè, ẹ fi àgbọ̀n bo ọ̀nà ọ̀fun, kí ẹ wá yọ orí gba abẹ́ abíyá rẹ̀. Apá yẹn kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín bí ẹ ṣe ń jáde.

Kùmọ̀ àti àdá: orí wọn ló ń yára jù, ibẹ̀ náà ló ń pani lára jù. Nítòsí ọwọ́ tó dì wọ́n mú, agbára wọn kò tó nǹkan. Torí náà, ibi méjì péré ló dáa láti wà: ibi tí kò lè dé yín rárá, tàbí ibi tí àyà yín ti kan àyà rẹ̀. Àárín méjèèjì ni wọ́n ti ń fọ́ni lórí. Ẹ wọlé nígbà tó bá ń gbé e sókè, tàbí lẹ́yìn tó bá ti jù ú kọjá.

Ní ti ìbọn, a ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Tó bá jìnnà ju ibi tí apá yín lè dé, kò sí ọgbọ́n ìjà kankan fún un. Ẹ ṣe ohun tó ní kí ẹ ṣe, tàbí kí ẹ sá gba ẹ̀yìn nǹkan tó nípọn. Tó bá kàn yín lára tí ẹ sì mọ̀ pé ó máa yìn ín, ẹ yí ara kúrò níwájú ẹnu ìbọn bí ọwọ́ ṣe ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ di ìbọn náà mú le, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ padà sọ́dọ̀ yín. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ èyí láti inú ìwé. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni kó ti kọ́ ọ, pẹ̀lú ìbọn rọ́bà.

Bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ títí á fi wọ ara

Àwọn ẹ̀kọ́ ìjà tó ní ti ọ̀bẹ nínú pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ júdò tí Jigoro Kano dá sílẹ̀ ní Japan ní 1882, Kodokan, gbé ètò ìdáàbòbò ara ẹni kan jáde ní 1956 tó ní ọgbọ́n 21. 9 nínú wọn jẹ́ ti ohun ìjà: 3 fún ọ̀bẹ, 3 fún igi, 3 fún ìbọn. Krav Maga, ẹ̀kọ́ ìjà àwọn ará Ísírẹ́lì tí Imi Lichtenfeld bẹ̀rẹ̀, ń kọ́ni láti dènà kí èèyàn sì lù lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará Philippines ní arnis, tí wọ́n tún ń pè ní eskrima tàbí kali, tí òfin orílẹ̀-èdè wọn sọ di eré ìjà orílẹ̀-èdè ní 2009. Kò sí èyí tó ń kọ́ ojú láti mọ ọ̀nà tí ọ̀bẹ ń gbà tó ìyẹn. Ìjàkadì kò ní ọ̀bẹ nínú rárá, síbẹ̀ ẹni tó ti jà á fún ọdún mélòó kan mọ apá dì mú ju ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ohun tí ẹ máa fi mọ ilé ìkọ́jà tó dára ni bóyá ẹni tó mú ọ̀bẹ rọ́bà níbẹ̀ ń jà padà. Tó bá ń dúró kí wọ́n lọ́ ọ, ijó ni wọ́n ń jó.

Ẹ wá ọ̀bẹ rọ́bà tó rọ̀, awò tó ń bo ojú dáadáa, àti ẹ̀wù funfun tó ti gbó. Ẹ fi ìpara ètè pupa tàbí máàkà tó ṣeé fọ̀ kun ẹnu ọ̀bẹ náà. Ní ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, ẹ dènà nìkan, díẹ̀díẹ̀, láti ìsàlẹ̀, láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti di apá mú, kí ẹnìkejì máa fa ara rẹ̀ gbà fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 1, ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Ó máa ń rẹni ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Èyí ló ń kọ́ ọwọ́, ó sì ṣe pàtàkì ju ìdènà lọ.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹnìkejì á fi ọ̀bẹ pa mọ́ sẹ́yìn itan, á máa sọ̀rọ̀ bọ̀, á gbá yín láṣọ mú, á sì máa gún láìdúró. Nígbà mìíràn kó má fa ọ̀bẹ yọ rárá, kó kàn béèrè aago, kí ẹ lè mọ ìgbà tí kò yẹ kí ẹ jà. Nígbà mìíràn ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí sísá jẹ́ ìdáhùn tó tọ̀nà. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ ka àmì pupa tó wà lára ẹ̀wù, kí ẹ sì wo ibi tó wà. Méjì lẹ́yìn apá kò burú. Ẹyọ kan lọ́rùn burú.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fi omi ọṣẹ pa apá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa rí i lójú ẹsẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ìlọ́wọ́ tó dára lórí apá gbígbẹ ṣe ń bàjẹ́. Nǹkan kékeré kan tún wà tí wọ́n máa ń fojú fò: tí ẹ bá gba ọ̀bẹ rọ́bà lọ́wọ́ ẹnìkejì, ẹ má dá a padà fún un lọ́wọ́. Ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ rìn kúrò, kí òun fúnra rẹ̀ mú un. Ohun tí ọwọ́ bá ń ṣe lójoojúmọ́ ló máa ṣe nígbà tí ìbẹ̀rù bá dé.

Lẹ́yìn ìjà

Òfin ibi púpọ̀ gbà kí èèyàn gba ara rẹ̀ là pẹ̀lú ìwọ̀n agbára tí ewu náà béèrè. Tí ọ̀bẹ bá ti bọ́, tí ẹni náà sì ti ń sá tàbí tó ti ṣubú tí kò lè dìde, ewu ti tán. Ìlù tí ẹ bá lù ú lẹ́yìn ìyẹn lè sọ ẹ̀yin náà di ọ̀daràn. Ẹ lọ, ẹ pe ọlọ́pàá.

Ẹ yẹ ara yín wò kódà tí kò bá dùn yín, torí ìbẹ̀rù máa ń pa ìrora. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọrùn, abẹ́ abíyá méjèèjì, ìhà, ẹ̀yìn dé ibi tí ọwọ́ lè dé, ìdodo sílẹ̀ àti inú itan, kí ẹ máa wo ọwọ́ yín lẹ́yìn ibì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà pẹ̀lú gbogbo agbára, ẹ má sì máa ṣí i wò. Bí ọgbẹ́ bá jìn ní abẹ́ abíyá, ní oríkèé itan tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ẹ ki aṣọ tàbí bándéèjì wọnú rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má fi nǹkan yí ọrùn ká. Ẹ má ki nǹkan wọ ọgbẹ́ àyà tàbí ti ikùn. Tó bá jẹ́ àyà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó fara gbọgbẹ́ jókòó, tí mímí bá rọrùn fún un bẹ́ẹ̀. Tí ìfun bá jáde, ẹ má tì í padà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù fún omi bò ó. Ọ̀bẹ tó bá ṣì wà nínú ara, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ sì dì í yí ká kó má baà mì, torí òun fúnra rẹ̀ lè máa dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀.

Tí ẹ̀jẹ̀ apá tàbí ti ẹsẹ̀ kò bá dúró, ẹ fi tourniquet, ìyẹn ìdè tí wọ́n ń fún pa láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró, sí i, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 lókè ọgbẹ́, kì í ṣe lórí oríkèé. Tí kò bá sí, aṣọ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 àti igi kúkúrú tó le ṣeé lò: ẹ so aṣọ náà, ẹ fi igi sórí kókó, ẹ tún kókó ta lé e, kí ẹ máa yí igi náà títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti wáyà máa ń gé ẹran ara. Ó máa dun ẹni náà gan-an, ẹ má torí ìyẹn tú u. Ẹ kọ aago tí ẹ so ó síwájú orí rẹ̀ tàbí sórí ìdè náà, ilé ìwòsàn ló máa tú u. Ẹ fi aṣọ bò ó kí òtútù má mú un, ẹ má sì fún un ní oúnjẹ tàbí omi, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ ní kété tó bá débẹ̀.